Iṣẹ́ Wa Lábẹ́ Òrùlé Gíláàsì

Ẹni tó bá rí ọkọ̀ asáré tí wọ́n fi gíláàsì ṣe òrùlé rẹ̀ lónìí, tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń gba orí awakọ̀ wọlé, lè rò pé fáàrí lásán ló bí i. Ṣùgbọ́n àwa tí a fi iṣẹ́ gíláàsì ọkọ̀ jẹun ní ìlú St. Louis, ní ìpínlẹ̀ Missouri, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ Corvette títí di 1981, mọ̀ dájú pé àìlera ara ọkọ̀ àti ìbẹ̀rù òfin ló bí i, fáàrí kàn wá gbà á tọ́ ni.

Kí n tó gbọ́ orúkọ iṣẹ́ yìí rárá ni Gordon Buehrig, àgbà ayàwòrán ọkọ̀, ẹni tó ya Cord 810 tí àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ ń wárí fún, ti gbé ọkọ̀ kan jáde tí wọ́n ń pè ní TASCO ní 1948, tí òkè orí awakọ̀ àti ti ẹni tó jókòó tì í ṣeé ṣí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ọ̀pá kan sì nà gbọọrọ láàrin wọn. Ó gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n náà ní 1951, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan ṣoṣo náà ni wọ́n ṣe. Ní 1954, Ford gbé Skyliner jáde, wọ́n fi ike aláwọ̀ ewé tó mọ́ gaara bo apá iwájú òrùlé rẹ̀. Bí oòrùn ọ̀sán bá mú, inú ọkọ̀ kì í ṣeé gbé, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé náà a sì sọ ojú arẹwà obìnrin di ojú aláìsàn. Skyliner kì í ṣe ọkọ̀ asáré o, ṣùgbọ́n a kì í pìtàn ìdílé kí á fo bàbá àgbà.

Ìdí abájọ gan-an dé pẹ̀lú Corvette 1968. Àwọn tó yà á fẹ́ kí òrùlé rẹ̀ ṣí lódindi, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, àmọ́ nítorí pé òrùlé wà lára ohun tí ń mú ara ọkọ̀ le, ara ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́. Ni wọ́n bá fi ọ̀pá irin kan so férémù gíláàsì iwájú mọ́ ẹ̀yìn, òrùlé di abala méjì, àwọn ará Amẹ́ríkà sì ń pè é ní T-top. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: ọ̀pá tí wọ́n fi bo àléébù ni àwọn olówó wá ń torí rẹ̀ ra ọkọ̀. Abala méjèèjì kò tíì jẹ́ gíláàsì nígbà náà, fáíbà tí wọ́n kùn ní ọ̀dà ni. Corvette aláìlórùlé ṣì wà lórí àtẹ pẹ̀lú rẹ̀, àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ ń jáde láti Washington pé ìjọba lè ṣòfin lórí ọkọ̀ tó bá dojú dé, tí àwọn tó ń rà á náà sì ń dín kù. Nígbà tí 1975 fi máa parí, aláìlórùlé ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Gíláàsì ìbá ti dé ní 1977, ṣùgbọ́n aáwọ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ náà àti àwọn tó fẹ́ bá wọn ṣe gíláàsì rẹ̀, lórí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti tà á. Ní 1978, tí Corvette pé ọdún 25, ó wá wọ ìwé àwọn ohun tí oníbàárà lè béèrè fún láti ilé iṣẹ́. Ọkọ̀ 6,502 tí wọ́n ṣe ní àwòkọ èyí tó ṣáájú eré ìje Indianapolis 500 lọ́dún náà, tòun ti gíláàsì lórí ni gbogbo wọn jáde.

Àárín ìgbà náà ni mo wọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi. Ìwé ni mo bá lọ sí Amẹ́ríkà, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ mi. Owó ilé ẹ̀kọ́ ló sọ mí di ọmọṣẹ́, iṣẹ́ náà kò sì jẹ́ kí n kúrò mọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá kọ́ mi ni pé a kì í gbé ẹ̀rọ ìlu-ihò sún mọ́ gíláàsì yẹn. Wọ́n á ti gé e, wọ́n á ti tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ti lu gbogbo ihò tó yẹ sí i, kí wọ́n tó gbé e wọ iná tó ju ìwọ̀n 600 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì lọ, kí wọ́n sì fẹ́ atẹ́gùn tútù lù ú lójijì: òde rẹ̀ a kọ́kọ́ le, inú rẹ̀ a wá máa fa òde mọ́ra bó ti ń tutù, ìfàmọ́ra yìí ló sì fún un lágbára. Ẹni tó bá lu ihò tuntun sí i ti tú ohun tó dì í mú, gbogbo rẹ̀ a fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Etí rẹ̀ sì ni ibi ẹlẹgẹ́ rẹ̀, ìdí nìyí tí a kì í fi gbé e nàró lórí kọnkéré. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe gíláàsì ló fún wa lówó, rọ́bà ni. Òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa, bí ògiri kò bá sì lanu, aláǹgbá kò lè wọ ọ́. Oòrùn a sun rọ́bà títí yóò fi gan, omi a sì rí ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n bá gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá, mo máa ń fi bébà pelebe há àárín rọ́bà àti gíláàsì, n óò ti ìkọ́ rẹ̀ pa, n óò wá máa fa bébà náà díẹ̀díẹ̀: bí rọ́bà bá dì í mú, kò sí wàhálà, bí ó bá yọ́ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ibẹ̀ ni omi ń gbà. Lẹ́yìn náà n óò fi ẹfun kun rọ́bà yíká, n óò ti òrùlé, n óò tún un ṣí. Ibi tí ẹfun kò bá ti kan gíláàsì, ibẹ̀ ni n óò tún ṣe. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, rọ́bà kò jẹ̀bi, ewé ló dí ihò tí omi ń gbà sọ̀kalẹ̀, oníbàárà á sì ti náwó lórí rọ́bà tuntun lọ́dọ̀ ẹlòmíràn lásán.

Olè náà mọ iyì abala wọ̀nyí: ẹni tó bá já ìkọ́ méjì ti gbé owó ńlá sábẹ́ abíyá. Àwọn aṣọkọ̀ Japan náà wá ṣe òrùlé abala méjì bíi ti Corvette, Datsun 280ZX ní 1980, Toyota MR2 lẹ́yìn rẹ̀. Porsche ti ní Targa tirẹ̀ láti 1965, ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ ṣeé yọ, tí wọ́n fi eré ìje Targa Florio ti Sicily sọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ní 1995 ni wọ́n sọ òrùlé rẹ̀ di gíláàsì ńlá tí ẹ̀rọ ń fà sẹ́yìn, tó ń wọ abẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn lọ. Ọgbọ́n àrà ni, mi ò bá wọn jiyàn, àmọ́ ó wúwo, òkè ọkọ̀ asáré sì ni ibi tí ó burú jù láti di ẹrù lé. Nígbà tí Ford fi gíláàsì tí kò ṣeé ṣí sórí Mustang 2009, fèrèsé ni mo pe ìyẹn, kì í ṣe òrùlé tí a lè ṣí. Ọ̀bẹ àti góòmù ni iṣẹ́ rẹ̀ gbà, ọmọṣẹ́ tí kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ lè ṣe é.

Abala méjì ti 1978 ni mo fẹ́ràn jù, torí pé ọwọ́ ènìyàn ló ń ṣí i, bó bá sì bàjẹ́, ọwọ́ ènìyàn ló ń tún un ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀ kò ní láti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì: kí ó ká kápẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn ìjókòó méjèèjì sókè, kí ó fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀, kí ó sì gbóòórùn ọwọ́ náà kí ó tó dárúkọ owó kankan.