Ọgbọ̀n Ojú Lórí Abẹ́rẹ́

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, mo fẹ́ sọ ohun tí mo ṣe ní òru ọjọ́ kan fún yín. Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ló máa ń ṣe irú rẹ̀, bí kò tilẹ̀ jẹ́ pé òwú àti abẹ́rẹ́ ni tiyín.

Ìlú Manchester là ń gbé. Nínú oṣù Kejìlá, tó bá fi máa di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú, òtútù á sì ti lé gbogbo wa wọlé. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, rí ìyá àgbà kan tó ń hun nǹkan nínú bọ́ọ̀sì, kò gbójú kúrò lọ́wọ́ ìyá náà títí a fi sọ̀kalẹ̀. Ó ní òun fẹ́ hun ìborùn fún bàbá òun. Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Ìyá mi ló kọ́ mi ní híhun n'Íbàdàn. Fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun ni wọ́n máa ń hun, kí ọyẹ́ tó dé ni abiyamọ àdúgbò á ti máa wá gba tirẹ̀.

A ra abẹ́rẹ́ ìhunṣọ méjì tí wọ́n fi oparun ṣe, èyí tó fẹ̀ ní mílímítà 5. Oparun ni mo yàn nítorí pé onírin máa ń yọ̀, ojú á sì máa já bọ́ lórí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Òwú dúdú ni ọmọ kọ́kọ́ mú, torí bàbá rẹ̀ fẹ́ràn dúdú. Mo ní kó dá a padà. Ẹni tó ti ń hun nǹkan fún ogún ọdún pàápàá máa ń wá ojú tì nínú òwú dúdú. Ìdì méjì la mú, gíráàmù 100 ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀, tó dán, tí kò nírun wúruwùru.

A ka ojú 30 sórí abẹ́rẹ́. Ojú là ń pè é nílé wa, bí apẹja ṣe ń pe ti àwọ̀n. Oríṣi híhun kan ṣoṣo ni mo kọ́ ọ: abẹ́rẹ́ ọwọ́ ọ̀tún á wọ inú ojú, á pọn òwú bí ẹni pọn ọmọ, á fà á jáde, ojú àtijọ́ á sì bọ́ kúrò lórí abẹ́rẹ́ ọwọ́ òsì. Tó bá dé òpin ìlà, á yí abẹ́rẹ́ padà, á tún bẹ̀rẹ̀. “Wọlé, pọ̀n ọ́n, jáde, bọ́.” Ohun tó ń wí lábẹ́lẹ̀ nìyẹn fún ọjọ́ mélòó kan, títí kan orí àga oúnjẹ. Aṣọ tí irú híhun yìí ń bí dà bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, ebè lókè, poro láàárín. Ìlà méjì ló ń di ebè kan, nítorí náà ọmọ lè ka iṣẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Etí rẹ̀ kì í sì í ká kò, bí aṣọ híhun tójú rẹ̀ tẹ́jú ṣe máa ń ṣe.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ìborùn tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 150 á gbà ju ìlà 400 lọ. Ojú 30 ló wà nínú ìlà kan. Ìyẹn ju ìgbà 12,000 lọ tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án máa wọlé, tó máa pọ̀n ọ́n, tó máa jáde. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀ tán ni ẹ̀rù bà mí.

Kò pẹ́ tí wàhálà fi dé. Ojú 30 di 33, ó di 37, ìborùn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ bí ẹsẹ̀ kẹ̀ǹbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ ọmọ yín, ẹ ṣọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dáadáa. Tí òwú bá gba orí abẹ́rẹ́ lọ sẹ́yìn, yóò fa ojú àkọ́kọ́ sókè, á wá dà bíi pé méjì ni, ọmọ á sì hun méjèèjì. Abẹ́ abẹ́rẹ́ ni kí òwú gbà. Lẹ́yìn èyí, ojú kan já bọ́ láìjẹ́ pé ó mọ̀, ó sì ń tú sọ̀kalẹ̀ láti ìlà dé ìlà, ihò rẹ̀ wá gùn bí àkàbà. Ọmọ ò rí i. Èmi rí i.

Lóru, nígbà tí ọmọ àti bàbá rẹ̀ ti sùn, mo mú iṣẹ́ náà. Mo tú u dé ebè kẹsàn-án, mo tún ebè mẹ́rìnlá hun, ojú 30 géérégé, láìsí àléébù. Mo dá a padà sínú àpò rẹ̀. Mo sùn fọnfọn.

Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ tí ọmọ fi mọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọwọ́ tirẹ̀ dẹ̀, ọwọ́ tèmi le. Ibi tí tirẹ̀ parí sí, tí tèmi bẹ̀rẹ̀, hàn gbangba lára aṣọ. Ó na ìka síbẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, èyí kì í ṣe tèmi.” Kò sunkún. Ó ká a, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò fọwọ́ kàn án.

Mo wá ìdí tí mo fi ṣe é. Ohun tí mo rí ni pé kì í ṣe ìfẹ́ ọmọ nìkan. Mo ti rí ọkọ mi nínú ọkàn mi, tó ń gbé ìborùn oníhò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn èèyàn ń wò ó. Ojú ayé ni mo ń wò. Irú ojú ayé yìí náà ló ń mú ká tún bẹ́ẹ̀dì tí ọmọ ti tẹ́ tẹ́, ká tún abọ́ tó ti fọ̀ fọ̀ níṣojú rẹ̀, ká bá a kọ iṣẹ́ àṣetiléwá kí tíṣà lè yìn ín. Lẹ́yìn náà a ó máa ṣàròyé pé ọmọ òde òní ò lè dá nǹkan kan ṣe.

Bàbá ọkọ mi, ọmọ Ìṣẹ́yìn ni wọ́n, ìdí òfì ni wọ́n dàgbà sí. Mo pè wọ́n lórí fóònù, mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe kọ́ iṣẹ́ náà. Wọ́n ní òwú kíká ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní kékeré. Nígbà tí wọ́n wá jókòó sídìí òfì tiwọn, tí òwú bá já, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń so ó. Bàbá wọn wà lórí òfì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, iṣẹ́ tirẹ̀ ló sì ń wò. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní iṣẹ́ obìnrin ni híhun, tí ẹ ò jẹ́ kí ọmọkùnrin yín fọwọ́ kan abẹ́rẹ́, ẹ lọ wo ẹni tó jókòó sídìí òfì n'Íṣẹ́yìn.)

Mo bẹ ọmọ mi. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín gbà pé àgbà kì í bẹ ọmọdé. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti mú ohun tó jẹ́ tirẹ̀ láìtọrọ rẹ̀, orúkọ tí à ń pe ìyẹn fún ọmọ tó bá ṣe é kò ṣàjèjì sí wa. Mo bi í pé kí la ó ṣe sí apá tí mo hun. Ó ní, “Ká tú u.” Òun ló ń fa òwú, èmi ló ń ká a, títí a fi dé ebè kẹsàn-án, ibi tí tirẹ̀ parí sí.

Mo lọ ra abẹ́rẹ́ àti òwú tèmi. Mo ń hun tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ọwọ́ mi lè níṣẹ́ tí yóò máa ṣe. Tí ojú bá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, èmi náà á mọ̀ọ́mọ̀ já ọ̀kan bọ́ nínú tèmi, màá fi ìkọ́ kóróṣé gbé e gun ìlà kọ̀ọ̀kan padà sókè ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, òun á wò, á sì ṣe tirẹ̀. Ìgbà mìíràn ó máa ń fi wákàtí kan ṣe ohun tí ìṣẹ́jú méjì tó fún mi. Ó nira fún mi púpọ̀ láti jókòó jẹ́ẹ́. Ó ṣì nira fún mi títí dòní.

Ìparí oṣù Kẹta ló hun ún tán. Bàbá rẹ̀ ń gbé e sọ́rùn lọ síbi iṣẹ́. Ihò kan wà lára rẹ̀, ní ebè kẹtàlélógún, tí ọmọ kò kíyè sí títí iṣẹ́ fi kọjá ibẹ̀, tó sì ní òun ò ní tú u. Tí wọ́n bá jókòó pọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, á ka ebè láti ìsàlẹ̀ títí á fi dé ibẹ̀, á ti ìka bọ ihò náà, á ní, “Dádì, ibí ni oorun ti gbé mi lọ.”