Agogo Inú Aago: Bí Èmi àti Bàbá Oníwáyà Ṣe Lọ sí Ilé Rélùwéè Àtijọ́

Bí ọ̀rẹ́ mi bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Mà á tẹ̀ ẹ́ láago tó bá di alẹ́." Fóònù tó wà lọ́wọ́ mi kò ní agogo nínú. Kò sí bọ́tìnì lójú rẹ̀ mọ́, gíláàsì pẹrẹsẹ ni. Síbẹ̀, "tẹ̀" kò kúrò lẹ́nu wa, "aago" náà kò sì kúrò. Bí olórin kan bá kó orin mẹ́wàá sórí íntánẹ́ẹ̀tì, a óò ní ó ti gbé àwo tuntun jáde, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àwo níbì kankan. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni mo ń fi iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi wádìí lọ́dún yìí.

Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lè jókòó sí ilé ìkàwé kí ó máa ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé náà yóò sọ fún ọ pé kí a fi tẹligíráàmù ránṣẹ́ ni "tẹ wáyà", ṣùgbọ́n kò ní sọ ìdí tó fi jẹ́ pé "tẹ̀" ni, tí kì í ṣe "kọ" tàbí "ta". Ohun tí wọ́n ń tẹ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ rí, mo sì fẹ́ rí ẹni tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ wà nílé wa. Àbúrò bàbá bàbá mi ni, ẹni ọdún 84. Bàbá Oníwáyà ni gbogbo ẹbí ń pè é, nítorí iṣẹ́ tó fi jẹun ní rélùwéè nìyẹn: ó tẹ wáyà ní ibùdókọ̀ mẹ́rin láàárín Ìbàdàn àti Ọ̀fà kí ó tó bọ́ sí iṣẹ́ ọ́fíìsì. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ kọ́ iṣẹ́ náà ti kú. Etí ọ̀tún rẹ̀ ti di, ti òsì sì ń lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ lọ wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ta ni yóò sọ ohun tí o ń wò fún ọ?" Ó ti ń wá fìlà rẹ̀ kí n tó dáhùn.

Mọ́níyà la ti wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní 2021. Ojú irin àtijọ́, tó dé Ìbàdàn ní 1901, kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ. Tuntun yìí fi ẹsẹ̀ bàtà kan àti díẹ̀ jù ú lọ. Bàbá wo ìta títí a fi dé Èkó. "Èyí kò mì," ni gbogbo ohun tó sọ, n kò sì mọ̀ bóyá ó ń yìn ín ni.

Ibùdókọ̀ Mobọ́lájí Johnson la sọ̀ sí, ní Alágoméjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ni mí: oní + aago + méjì. Mo ń wá aago kiri, aago méjì ló wá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà.

Inú ọgbà rélùwéè ni Jaekel House wà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ayé amúnisìn ni, 1898 ni wọ́n kọ́ ọ. Ọ̀gá àgbà rélùwéè ló kọ́kọ́ ń gbé ibẹ̀, lẹ́yìn náà ó di ti àwọn òṣìṣẹ́ onípò gíga. Francis Jaekel tí wọ́n fi sọ ilé náà lórúkọ lo bí ọgbọ̀n ọdún nídìí iṣẹ́ rélùwéè. Ní 2010 ni ẹgbẹ́ Legacy àti Ọ̀jọ̀gbọ́n John Godwin tún un ṣe, tó wá di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Kò tóbi. Ẹni tó bá ń kánjú lè rìn ín tán kí omi tó hó, ṣùgbọ́n èmi àti Bàbá lo ọ̀sán kan gbáko níbẹ̀.

Àwòrán àtijọ́ ló pọ̀ jù. A dé iwájú ọ̀kan, àwọn òṣìṣẹ́ to ara wọn lẹ́sẹẹsẹ. Mo rò pé Bàbá yóò máa wá ojú ẹni tó mọ̀. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn wọn lókè: "Wo òpó wáyà." Lẹ́yìn ìgbà yẹn, gbogbo àwòrán tí a bá dé ìdí rẹ̀, òpó wáyà ni mo kọ́kọ́ ń rí.

Ó rẹ̀ ẹ́, a bọ́ síta láti jókòó. Ibẹ̀ ni mo ti bi í pé báwo gan-an ni wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ó gbé ìka méjì lé igi ìfarátì, ó bẹ̀rẹ̀. Ìka kò dá ṣiṣẹ́ o, ọrùn ọwọ́ ló ń lọ sókè sódò. Ìtẹ̀ kúkúrú, ìtẹ̀ gígùn, kúkúrú, kúkúrú. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n bí ó bá mú ife tíì kò gbọ̀n rárá. "Etí la fi ń kà á," ó ní. "Ẹni tó bá ń kọ ìlà àti àmì sílẹ̀ kó tó mọ̀ ọ́n, kò tíì mọ iṣẹ́." Etí náà ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán yìí. Ó bi mí pé kí ni òun sọ. N kò mọ̀. Ó ní, "Orúkọ rẹ ni. Ṣùgbọ́n kò sí àmì lábẹ́ rẹ̀, wáyà kò mọ àmì."

Ọ̀rọ̀ yẹn mú mi jókòó dáadáa. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn Crowther ti ń fi àmì sábẹ́ lẹ́tà èdè wa. Nínú àmì Morse, kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ. Ìtẹ̀ kúkúrú mẹ́ta ni S, mẹ́rin ni H. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ tẹ Òṣòdì ránṣẹ́, OSHODI lẹ óò tẹ̀: lẹ́tà kan ṣoṣo tó yẹ kó ní àmì lábẹ́ ti di ìtẹ̀ méje. N kò sọ pé wáyà ló bí "sh" yẹn, àwọn Òyìnbó ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀rọ tí kò gba àmì kò lè mú un kúrò. Ẹ wo pátákó ibùdókọ̀ wa títí dòní.

"Tẹ̀" fúnra rẹ̀ ti ń bá ẹ̀rọ rìn ṣáájú wáyà. Nígbà tí Henry Townsend ń tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta ní 1859, irin tí wọ́n fi ọ̀dà kùn ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́ bébà. Wáyà abẹ́ òkun dé Èkó ní 1886, ọwọ́ tún ń tẹ̀. Taipuráítà dé, bọ́tìnì fóònù dé. Nígbà tí àwọn tó ń wá ọ̀rọ̀ tuntun fún èdè wa fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí a ń fi fóònù kọ ránṣẹ́ lórúkọ, "àtẹ̀jíṣẹ́" ni wọ́n mú. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Bàbá: à + tẹ̀ + jẹ́ + iṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. "Wáyà náà kọ́ nìyẹn?"

Fóònù àtijọ́ ló parí ọ̀rọ̀ aago fún mi. Bàbá ní èyí tí àwọn ń lò láti ibùdókọ̀ kan sí èkejì, ńṣe ni wọ́n ń fi ọwọ́ yí irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, agogo yóò sì dún ní òdì kejì. Agogo gidi ni, irin tí irin ń lù. Kíláàsì fonọ́lọ́jì wa ni a ti kọ́ pé /g/ àkọ́kọ́ jẹ nínú "agogo", tí /o/ ran mọ́ /a/, tó fi di "aago", gẹ́gẹ́ bí "òtítọ́" ṣe di "òótọ́". A kọ ọ́ sílẹ̀, a fi ṣe ìdánwò. Ìtúpalẹ̀ yẹn pé, ṣùgbọ́n kò sọ ìdí tí ohun tí a fi ń mọ àkókò àti ohun tí a fi ń báni sọ̀rọ̀ fi ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹni tó bá gbọ́ méjèèjì tí wọ́n dún kò ní béèrè. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé "aago méjì ti lù" nígbà tí nọ́ńbà lásán ló yí padà lójú fóònù.

Ọ̀pọ̀ ló kù bẹ́ẹ̀. Àpótí Rediffusion tó dé Èkó ní 1935, wáyà ló ń gbé ohùn wọ inú ilé, kò sí bí o ṣe lè dá a lóhùn. "Asọ̀rọ̀mágbèsì" bá irú àpótí yẹn mu gẹ́lẹ́. Lónìí àwọn olùgbọ́ ń tẹ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ láago lórí afẹ́fẹ́ láti bá a jà, asọ̀rọ̀mágbèsì ti ń gbèsì, orúkọ kò yí.

Èrò tèmi ni pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ẹ̀rọ, níbikíbi láyé, máa ń ṣe ìdajì iṣẹ́. Wọn a kọ ọdún tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ àti ẹni tó ṣe é. Ohun tí àwọn tó lò ó ń pè é, àti bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ń lò ó, kì í sí lára ògiri. Irin kì í tètè jẹrà, ọ̀rọ̀ ni kò ní dúró. Iṣẹ́ yẹn kì í ṣe ti àwọn tó ń tọ́jú ilé, tiwa ni.

Ọ̀rọ̀ 31 ni mo ti gbà lẹ́nu Bàbá báyìí. Ohùn rẹ̀ wà lórí fóònù mi, mo sì ti ya fídíò ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta wà tó ní òun mọ̀ tẹ́lẹ̀ tí kò rántí mọ́. Ó ní bóyá wọn óò padà wá bí a bá gba Òṣogbo lọ. A ó lọ lẹ́yìn ìdánwò. Bí ẹ bá ní òbí àgbà tó ṣiṣẹ́ nídìí wáyà, nílé ìtẹ̀wé tàbí nílé iṣẹ́ rédíò, tí kò kọ̀ kí ọmọ kékeré máa bi òun ní ìbéèrè, ẹ wá mi wá sí yàrá ìkàwé Ẹ̀ka wa lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì.