Ìrìn-Àjò Wa sí Freetown ní Ilẹ̀ Sàró

Oríṣi ènìyàn méjì ni ó máa ń rin ìrìn-àjò lọ sí ìlú ńlá. Ti ìṣáájú ń lọ kí ó lè rí ohun tí kò sí ní ìlú tirẹ̀: ilé gíga, òpópó gbọọrọ, àti ọjà tí èrò kún bí eṣú. Ti èkejì ń lọ kí ó lè wá ohun tí ó ti ìlú tirẹ̀ sọnù. Àwa méjèèjì, tọkọtaya tí a ń kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé ní Òkèhò, fẹ́ jẹ́ oríṣi méjèèjì pọ̀ nígbà tí a ṣí àpótí owó tí a ti ń tọ́jú fún ọdún mẹ́ta, tí a sì lọ lo ọjọ́ mẹ́jọ ní Freetown, olú-ìlú Sierra Leone, ilẹ̀ tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa bi wá léèrè ìdí tí a kò fi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí gbogbo ayé ń lọ. Ìdáhùn wa ni pé ẹ̀yìnkùlé wa ni ọ̀nà Sàró gbà kọjá. Gbogbo ọmọ ilé-ìwé ni ó ti gbọ́ nípa Àjàyí, ọmọ Òṣoògùn ní ìhà Ìsẹ́yìn, ẹni tí a kó lẹ́rú ní 1821 nígbà tí ogun fọ́ ìlú rẹ̀. Ní Ìsẹ́yìn, ìlú tí àwa ará Òkèhò ń ná ọjà rẹ̀ títí di òní, ni a ti fi í pààrọ̀ fún ẹṣin. Láti ibẹ̀ a tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, tí a sì tì í sínú ọkọ̀ àwọn ará Pọtogí. Ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1822, ó sì di ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà kí ọmọ náà tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ní Freetown. Òun ni ó di Samuel Ajayi Crowther, bíṣọ́ọ̀bù, ní 1864. Ibẹ̀ náà ni ó ti fẹ́ Asano, ọmọbìnrin tí a gbà là kúrò lóko ẹrú bí tirẹ̀, àwọn méjèèjì sì jẹ́ olùkọ́. Tọkọtaya olùkọ́ ni wọ́n, bí àwa náà ti jẹ́, a kò sì lè ṣàì fẹ́ rí ìlú tí ó so wọ́n pọ̀.

Ìdí mìíràn sì tún wà. Ìlú tiwa pàápàá, ìbẹ̀rù ogun ni ó kó o jọ. Ìletò mọ́kànlá ni ó fi ilé sílẹ̀ tí wọ́n wá para pọ̀ di Òkèhò lábẹ́ Onjọ̀, kí ọ̀tá má baà máa kó wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 1917, lẹ́yìn ìjà ọdún 1916, a tún ṣí ìlú náà kúrò ní Òkèhò Àhoro wá sí ibi tí ó wà nísinsìnyí. Nínú ẹbí ọ̀kan nínú wa, ìtàn kan wà tí àwọn ìyá àgbà máa ń sọ, nípa ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Àìná, tí ó lọ pọn omi ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí kò sì padà wálé mọ́. Ìtàn náà kò ní ìparí. Àwọn àgbà a máa dákẹ́ níbẹ̀, wọn a sì mú ọ̀rọ̀ mìíràn sọ.

Pápá ọkọ̀ òfuurufú wà ní Lungi, omi ńlá sì wà láàárín rẹ̀ àti ìlú. Nítorí náà láti inú ọkọ̀ ojú omi ni àwa àlejò ti kọ́kọ́ rí Freetown. Òkè ga lẹ́yìn rẹ̀, òkun tẹ́ síwájú rẹ̀, àwọn ilé sì gun ara òkè náà lọ bí ẹni pé wọ́n ń sá fún omi. Òkè kò ya ará Òkè-Ògùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n òkun mú wa dákẹ́, nítorí a rántí ẹni tí a gbé wá sí ojú rẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n. Nígbà tí a gúnlẹ̀, ariwo ìlú bò wá. Àwọn alùpùpù tí ń gbé èrò pọ̀ níbẹ̀, ọ̀kadà ni wọ́n sì ń pè wọ́n bí àwa náà ti ń pè wọ́n. Àwọn ilé pákó àtijọ́ ṣì wà láàárín àwọn ilé bíríkì tuntun, pẹ̀lú fèrèsé kékeré lókè àjà wọn.

Ohun àkọ́kọ́ tí a lọ wò ni igi àràbà ńlá tí ó wà ní àárín ìlú. Ìtàn wọn sọ pé abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ènìyàn dúdú tí ó ti Nova Scotia dé ní 1792, tí wọ́n lé ní 1,000, péjọ sí láti dúpẹ́ pé wọ́n ti di òmìnira. Ṣùgbọ́n ìjì ti wó igi náà ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, kùkùté rẹ̀ ni a bá. Ohun kejì ni ilé àtijọ́ ti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ní Cline Town. Ní 1827 ni a dá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà sílẹ̀, Crowther sì wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ilé òkúta náà ni a bẹ̀rẹ̀ ní 1845, wọ́n sì sọ pé igi ọkọ̀ ẹrú ni a fi ṣe òrùlé rẹ̀. Ṣùgbọ́n iná jó o ní 1999 nígbà ogun abẹ́lé, ògiri rẹ̀ nìkan ni ó dúró, tí koríko ń hù nínú rẹ̀. Bí a ti ń kúrò níbẹ̀, ọ̀kan nínú wa wí pé, ó dàbí ẹni pé a dé ìlú yìí pẹ́ jù.

Ohun kẹta ṣì dúró ṣinṣin. Ẹnu-ọ̀nà òkúta kan ni, lẹ́bàá ilé ìwòsàn Connaught. A kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé ní 1817 ni a kọ́ ọgbà náà fún àwọn ọmọ Áfíríkà tí a gbà là kúrò lóko ẹrú. Láti 1808 títí di ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1860, ó ju 90,000 ènìyàn lọ tí a mú gúnlẹ̀ ní Freetown bẹ́ẹ̀. A ti kọ orúkọ wọn sínú ìwé ńláńlá, tí a ń tọ́jú títí di òní ní ilé àkọsílẹ̀ ìjọba lórí òkè Mount Aureol. A gba àyè láti wo ojú-ewé díẹ̀. Akọ̀wé ti kọ nọ́ńbà ẹnì kọ̀ọ̀kan, orúkọ rẹ̀ bí etí Òyìnbó ti gbọ́ ọ, ọjọ́ orí rẹ̀, gíga rẹ̀, àti àpá tàbí ilà ara rẹ̀. Nínú ojú-ewé tí a rí, kò kọ orúkọ ìlú ẹnikẹ́ni. A rí orúkọ tí ó dún bí Àìná, a sì tún rí òmíràn, àti òmíràn. Èwo nínú wọn ni tiwa? Bóyá kò sí rárá. A pa ìwé náà dé, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé e wá.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí a wá sọ ohun tí ó wọ̀ wá lọ́kàn jùlọ. Ìlú yìí ni èdè wa ti bẹ̀rẹ̀ sí di ìwé. Níbẹ̀ ni àlùfáà John Raban, ẹni tí ó ri Àjàyí bọmi ní 1825, ti ṣa ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ sínú ìwé kékeré ní nǹkan bí ọdún 1830. Níbẹ̀ ni Crowther ti ṣe iṣẹ́ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843, níbẹ̀ náà ni ó sì ti wàásù ní Yorùbá ní oṣù Kìíní ọdún 1844. Àwọn ènìyàn wa pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ìkíni wọn sọ wọ́n lórúkọ. Nítorí pé “ẹ kú” kì í kúrò lẹ́nu wọn, a ń pè wọ́n ní Aku tàbí Oku. Ṣùgbọ́n ní òní, ènìyàn lè rìn ní Freetown láti òwúrọ̀ di alẹ́ kí ó má gbọ́ gbólóhùn Yorùbá kan, bí kò ṣe lẹ́nu àlejò bí àwa. Krio ni èdè ìlú.

Síbẹ̀ èérún wà nílẹ̀. Ní ọjà, obìnrin kan ta ọ̀lẹ̀lẹ̀ fún wa, ọ̀lẹ̀lẹ̀ gan-an ni ó sì pè é. Bí wọ́n bá ń sọ ọmọ lórúkọ, “komojade” ni wọ́n ń pè é, èyí tí í ṣe kó-ọmọ-jáde. Bí wọ́n bá se àsè ìrántí àwọn baba ńlá wọn, “awujoh” ni, èyí tí í ṣe àwùjọ. Wọ́n mọ àkàrà, wọ́n mọ aṣọ ẹbí. Nígbà tí a fi Yorùbá kí obìnrin ọlọ́lẹ̀lẹ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi Krio dá wa lóhùn pé àwa ará Nàìjíríà mà mọ̀ ọ́n kí.

Ní Foulah Town, níbi tí àwọn ìdílé Oku tí í ṣe Mùsùlùmí ń gbé, a mú wa lọ kí bàbá arúgbó kan. Orúkọ ẹ̀sìn rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn fi ń pè é, ṣùgbọ́n ó sọ fún wa pé Òjó ni ìyá àgbà òun máa ń pe òun. Ó bi wá bóyá ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ ní ilẹ̀ wa. A dá a lóhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ọmọkùnrin tí ó gbé ìwọ́ kọ́ ọrùn wá sí ayé ni à ń pè ní Òjó. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, Àìná ni.” Bàbá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, “Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí ìyá àgbà bá pè mí bẹ́ẹ̀, wọn a máa fi ọwọ́ kan ọrùn mi. N kò mọ ìdí rẹ̀ rí.” Ó ké sí ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ń dáná lẹ́yìnkùlé, ó mú kí á tún un sọ, ó sì ní kí ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà a jiyàn. Àwọn àgbà a máa wí pé, iná kú ó fi eérú bojú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọkọ wí pé eérú ni a rí: ọ̀rọ̀ tí a kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́ ti kú, bí a tilẹ̀ ń pè é. Ìyàwó wí pé ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni: ẹ̀kọ́ ìwé kò sọ ìyá àgbà yẹn pé kí ó fi ọwọ́ kan ọrùn ọmọ, síbẹ̀ ó ṣe é, ọmọ náà kò sì gbàgbé. Iyàn náà kò tí ì parí láàárín wa. Ṣùgbọ́n a fi ẹnu kò lórí ohun kan. Kì í ṣe àìní ìwé ni ó mú èdè náà tán ní Freetown, nítorí ibẹ̀ ni ìwé rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí a bí síbẹ̀ láti inú oríṣiríṣi ẹ̀yà ń bá ara wọn sọ Krio ní ìta, wọ́n ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé, àwọn òbí sì jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ nínú ilé pẹ̀lú. Ìwé náà bá àwọn tí ó padà sí Abẹ́òkúta àti Èkó lọ, ó sì gbilẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé ẹnu tí yóò kà á wà níbẹ̀.

Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Nígbà tí a padà dé Òkèhò, a bi àwọn ọmọ kíláàsì wa léèrè ìtumọ̀ orúkọ wọn. Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tí ń jẹ́ Àìná. Ó ní orúkọ ìyá bàbá òun ni, òun kò sì mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òkun kan kò sì sí láàárín ọmọ yìí àti ilé ìyá àgbà rẹ̀. A rán gbogbo wọn lọ béèrè nílé, ní ọjọ́ kejì wọ́n sì mú ìtàn wá tó bẹ́ẹ̀ tí agogo ìṣírò lù kí a tó gbọ́ ìdajì rẹ̀. A ra ìwé àkọsílẹ̀ kan fún un, ọmọ kọ̀ọ̀kan ń kọ tirẹ̀ sínú rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ilé-ìwé ṣì wà tí a ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá láàárín ọgbà. A kò sọ pé kí a má kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí Crowther mọ̀ ọ́n ju púpọ̀ nínú wa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bàbá Foulah Town tí ó ru orúkọ fún ọjọ́ ayé rẹ̀ bí ẹni ru ẹrù tí a dì. Ìwọ ọmọ ilé-ìwé tí o sì ń ka èyí, bí ìyá àgbà rẹ bá wà láàyè, lọ jókòó tì í ní alẹ́ òní, kí o sì bi í léèrè ìdí tí ó fi ń pè ọ́ bí ó ti ń pè ọ́.