Oyin Inú Oko Ẹ̀gúsí Wa

Ọ̀rọ̀ oyin ni mo mú wá, kì í ṣe èyí tí a ń lá, bí kò ṣe kòkòrò tí ó ń ṣe é.

Ní ìgbà èwe mi ní Kpankou níbí, bí a bá wọ oko ẹ̀gúsí láàárọ̀, a ó ti gbọ́ ohùn wọn kí a tó rí wọn. Ní ọdún tó kọjá, ìtàkùn tiwa kún ilẹ̀, ṣùgbọ́n bàrà kò pọ̀. Ìyàwó mi ni ó kọ́kọ́ sọ pé òun kò gbọ́ oyin mọ́.

Ẹ wo òdòdó ẹ̀gúsí dáadáa. Akọ wà, abo wà, lórí ìtàkùn kan náà. Abo ni ó ní bàrà kékeré lábẹ́. Ìyẹ̀fun inú akọ gbọ́dọ̀ dé inú abo, kòkòrò ni ó sì ń gbé e lọ, pàápàá oyin. Òwúrọ̀ kan ṣoṣo ni òdòdó náà ń là. Bí ọ̀sán bá pọ́n, ó ti padé. Bí oyin kò bá wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàrà kékeré yẹn yóò rọ, yóò sì já bọ́. A ó ní ilẹ̀ ti ṣá. Nígbà mìíràn, ilẹ̀ kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Àgbàdo wa kò bèèrè oyin, afẹ́fẹ́ tó fún un. Bóyá èyí ni kò jẹ́ kí a tètè fura.

Ohun tí ó ń lé wọn lọ kò pamọ́. Igi ńlá tí ó ní ihò ni oyin ń gbé, a sì ti gé e ṣe èédú fún àwọn ará Kútọnù. Ẹni tí ó fi iná sun ihò oyin rí ìgò méjì, ó sì pa gbogbo agbo ilé wọn tọmọtọmọ. Oògùn òwú sì ń bẹ. Ní ọdún 1999, èyí tí à ń pè ní endosulfan pa ènìyàn ní Borgou, ní àríwá orílẹ̀-èdè wa. Kí ni ẹ rò pé yóò ṣe fún oyin? Ọdún 2011 ni àwọn orílẹ̀-èdè ayé tó fi ohùn ṣọ̀kan láti pa á tì. Àwọn òyìnbó náà ti rí tiwọn: ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2006, àwọn olóyin ṣí àpótí, wọ́n bá a lófìfo. Ní ọdún 2018, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ka oògùn mẹ́ta léèwọ̀ nínú oko nítorí oyin.

Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni má fín oògùn. Mo mọ ohun tí kòkòrò ń ṣe fún òwú. Ṣùgbọ́n ẹ fín in ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí òdòdó ti padé tí oyin sì ti wọlé.

Àpótí Kenya náà dára. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni a tò sórí rẹ̀, lára wọn ni oyin ń so afárá rẹ̀ rọ̀. A ó gé èyí tí ó kún fún oyin, a ó dá èyí tí ọmọ wà nínú rẹ̀ padà. Èéfín díẹ̀ tó. Ìda rẹ̀ kì í ṣe ohun àsọnù, àbẹ́là ni a ń fi í ṣe láti ayébáyé. (Ní òru Àjíǹde, ẹ fetí sí orin ìyìn àbẹ́là ńlá náà; ó dárúkọ oyin.)

Àpótí tèmi wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn oko. Ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó, kí ó wá ní ìrọ̀lẹ́, kí ó má sì fi lọ́fínńdà sára.