Omi Nìkan Kò Tó

Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi kọ́ ìmọ̀ kẹ́mísírì ní yunifásítì. Bí wọ́n bá jí mi lóru, mo lè ya àwòrán mólékù omi: átọ́mù ọ́síjìn kan láàárín, háídírójìn méjì lórí rẹ̀ bí etí ehoro. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí ọmọ mi obìnrin, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án, bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ gbuuru, n kò mọ èwo ni ṣíṣe.

Àárọ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó di ọ̀sán, a ti pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀ lẹ́ẹ̀méje. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ń bá wa gbé láti ìgbà tí mo ti bímọ, ní kí n dáwọ́ omi dúró.

“Ìyàwó, ṣé o ò rí i ni? Omi tí ò ń dà sí i lẹ́nu náà ló ń gba ìdí jáde. Jẹ́ kí ìfun rẹ̀ sinmi.”

“Ẹ má bínú, Màmá. Ọmọ tí omi ń tán lára rẹ̀, omi ló yẹ kó mu.”

Mo sì ń fún un ní omi lásán, ife kíkún. Ó mu ún, ó sì bì í padà sí mi lára. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, àwùjẹ̀ rẹ̀ ti jìn wọnú. Ó ń sunkún, ṣùgbọ́n omijé kò jáde mọ́. Ẹkún tí kò lómijé ni ó bà mí lẹ́rù jù.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀, wọ́n ń wo bí yóò ṣe pẹ́ tó kí ó tó tẹ́ padà. Wọ́n wá tú ìyẹ̀fun inú ọ̀rá kékeré kan sínú omi lítà kan, wọ́n gbé ṣíbí lé mi lọ́wọ́.

“Ìyá ọmọ, ṣíbí kan. Dúró díẹ̀. Ṣíbí kan. Bí ó bá bì, dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí o tún bẹ̀rẹ̀.”

Mo ṣe bẹ́ẹ̀ títí di òru. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta, ọmọ náà tọ̀. Mo fọwọ́ kan ìlédìí tútù yẹn, èmi náà sì sunkún. Tèmi lómijé nínú.

Kí ni ó wà nínú omi yẹn tí kò sí nínú tèmi? Iyọ̀ àti ṣúgà ni pàtàkì rẹ̀. Lójoojúmọ́, omi tí ó ń wọ inú ìfun àgbàlagbà, èyí tí a mu àti èyí tí ara fúnra rẹ̀ ń sun, máa ń tó lítà mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. Ara a gba èyí tí ó pọ̀ jù padà, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò sì bá ìgbẹ́ jáde. Bí ìfun bá ṣàìsàn, ètò yìí a dàrú.

Omi kì í sì í dá rìn kọjá ara ìfun. Ohun tí ó yọ́ sínú rẹ̀ ni ó máa ń tẹ̀ lé. Purotéènì kan wà lára ìfun kékeré tí ó dà bí oníbodè. Ẹ̀wọ̀n gígùn ni, tí a so bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sì ká jọ: apá tí ó fẹ́ omi kọjú sí omi, apá tí kò fẹ́ omi sá pamọ́ sínú ọ̀rá tí ó yí sẹ́ẹ̀lì ká. Oníbodè yìí kì í jẹ́ kí gúlúkóòsì nìkan wọlé. Sódíọ̀mù méjì, tí ó ti ara iyọ̀ wá, ni ó gbọ́dọ̀ bá gúlúkóòsì kan rìn. Bí àwọn wọ̀nyí bá ti kọjá, omi a tọ̀ wọ́n lẹ́yìn. Robert Crane ni ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ní ìlú Prague lọ́dún 1960.

Ìyanu ibẹ̀ ni pé àrùn onígbáméjì pàápàá kì í ba ẹnu ọ̀nà yìí jẹ́. Lọ́dún 1971, nígbà ogun Bangladesh, àrùn náà kọlu àwọn ogunléndé ní Bangaon, ní orílẹ̀-èdè Íńdíà. Nígbà tí omi tí wọ́n ń fà sí àwọn aláìsàn lára ń tán lọ, Dókítà Dilip Mahalanabis ní kí wọ́n po iyọ̀ àti gúlúkóòsì mọ́ omi, kí àwọn ẹbí aláìsàn máa fún wọn mu. Ikú tí ó ti ń pa nǹkan bí 30 nínú 100 kò pa tó 4 mọ́.

Ìwọ̀n ṣe pàtàkì o. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ewu ni. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù, ńṣe ni yóò fa omi ara wá sínú ìfun. Ìdí nìyẹn tí ọtí ẹlẹ́rìndòdò kì í fi í ṣe oògùn ìgbẹ́ gbuuru. Èyí tí a dì tẹ́lẹ̀ ni ó dára jù. Bí kò bá sí, ẹ po ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, kí ẹ gé orí wọn dọ́gba, mọ́ lítà kan omi tí ó mọ́. Ẹ má dáwọ́ ọmú dúró. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí ọmọ kò lè mu nǹkan, tàbí tí ó ń sùn ṣáá, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá gbé ẹ̀kọ mímu wá fún un. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo sì pa ẹnu mọ́. Kí ni ẹ̀kọ bí kò ṣe gúlúkóòsì tí a so mọ́ra ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí ìfun yóò máa já díẹ̀díẹ̀ fún oníbodè yẹn? Ní Bangladesh, wọ́n ti fi ìyẹ̀fun ìrẹsì rọ́pò ṣúgà nínú omi oníyọ̀ yìí. Màmá kò jẹ̀bi tán, èmi náà kò sì jàre tán.

Ní báyìí, ọ̀rá ìyẹ̀fun yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò iyọ̀ nílé ìdáná wa. Nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru mú ọmọ aládùúgbò wa lóṣù tó kọjá, kí n tó wọ bàtà, Màmá ti mú ṣíbí dé ibẹ̀. Mo ń gbọ́ ohùn wọn láti ojú fèrèsé: “Ṣíbí kan. Dúró díẹ̀. Ṣíbí kan.”