Iná Ẹ̀yìn

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo kúrò ní Gbági n'Íbàdàn, tí mo dorí ọkọ̀ kọ Ifẹ̀. Iná ń tàn sórí ọ̀dà níwájú mi, dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́lẹ̀ kedere, ọkàn mi sì balẹ̀. Àfi bí dánfó kan ṣe sáré dé ẹ̀gbẹ́ mi, tí kọ̀ńdọ̀ rẹ̀ yọrí síta, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara ọkọ̀ wọn. "Mọ́mì, iná yín! Ẹ̀yìn ò tàn o!"

Mo rò pé ó fẹ́ kí n yà fún wọn ni. Mo yà. Wọn ò kọjá. Wọ́n bọ́ sẹ́yìn mi, wọ́n dín eré kù, wọ́n ń sìn mí bọ̀ pẹ̀lú iná tiwọn títí mo fi ríbi gbòòrò dúró sí lójú ọ̀nà Ẹgbẹ́dá. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo yí lọ sẹ́yìn. Ẹ̀yìn ọkọ̀ mi dúdú bí ìdí ìkòkò.

Tòkunbọ̀ láti Kánádà ni ọkọ̀ náà. Láti ìparí ọdún 1989 ni òfin ibẹ̀ ti ní kí ọkọ̀ tuntun ní iná ọ̀sán, tí í tàn fúnra rẹ̀ níwájú bí ọkọ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ti ẹ̀yìn kì í bá a tàn. Lálẹ́, iná ọ̀sán yìí á mọ́lẹ̀ díẹ̀ sójú ọ̀nà, awakọ̀ á gbà pé òun ti tan iná. Àwọn ará Kánádà náà rí ewu yìí: láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ọkọ̀ tuntun wọn gbọ́dọ̀ máa tan ti ẹ̀yìn pọ̀ mọ́ ti ọ̀sán, tàbí kó tan gbogbo iná fúnra rẹ̀ bílẹ̀ bá ṣú, tàbí kí dáṣíbọ́ọ̀dù ṣókùnkùn kí awakọ̀ lè fura. Ṣùgbọ́n èyí tó ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àwa ń rà.

Mo rántí Pijó 504 bàbá mi. Bí a kò bá tan iná, dáṣíbọ́ọ̀dù kì í mọ́lẹ̀. Òkùnkùn inú ọkọ̀ gan-an ló ń ta èèyàn lólobó. Bàbá mi kì í tiẹ̀ dúró dè é. Bí adìyẹ bá ti ń wọlé sùn, iná rẹ̀ ti tàn. "Èmi ríran," á ní, "àwọn tó ń bọ̀ ni mo ń tan án fún." Ọmọdé ni mí nígbà náà, n kò ka ọ̀rọ̀ yẹn sí.

Ní márosẹ̀, 100 kìlómítà ní wákàtí kan ni òfin gbà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ẹni tó bá ń sá a ń fi nǹkan bíi mítà 28 sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ojú tó rí tírélà tí kò tan iná, kí ọkàn tó gbà á gbọ́, kí ẹsẹ̀ tó dé orí bíréèkì, mítà mélòó ló kù?

Ohun tó ń dùn mí ni pé a kò ní èdè tí a fi lè kìlọ̀ fúnra wa. Bí mo bá ṣẹ́ iná sí ẹ lójú, ó lè jẹ́ pé ọlọ́pàá wà níwájú, ó lè jẹ́ pé kí o kúrò lọ́nà, ó lè jẹ́ pé kí o máa kọjá. Àwọn ajínigbé sì ti kó ìbẹ̀rù sójú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó fẹ́ dúró fún àlejò lóru. Ìdí nìyí tí mo fi ń ṣàdúrà fún kọ̀ńdọ̀ yẹn títí dòní.

Ní oṣù tó kọjá, mo bá Kámúrì kan lọ́nà Ìkirè, kò tan ohunkóhun lẹ́yìn. Mo ṣẹ́ iná sí i, mo fun fèrè, mo sún mọ́ ọn, mo ń pariwo láti ojú fèrèsé. Ó wo dígí rẹ̀, ẹ̀rù bà á, ó fi eré sí i. Láàárín ìṣẹ́jú kan, iná mi kò bá a mọ́. Ó wà níwájú mi níbì kan, n kò sì rí i.