Pẹpẹ Ìwé tí a Kò Tì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú títí kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Àìmọye ìgbà ni mo ti pa òwe yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kí n tó mọ̀ pé èmi gan-an ni ó ń bá wí. Èmi tí mo ń dúró níwájú ọmọ ọlọ́mọ, tí mo ń sọ pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá parun, abẹ́ ibùsùn tèmi ni apá kan nínú rẹ̀ ti parun.

Ní ọdún 2016, nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ fún ìwé-ẹ̀rí dípúlómà mi, mo tọ ìyá àgbàlagbà kan lọ ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Ọlọ́runṣògo níbí. Ìyá náà mọ ẹkún ìyàwó dunjú. Ewì tí ọmọbìnrin fi ń dágbére fún òbí àti ará ilé rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó ń lọ sí ilé ọkọ ni ẹkún ìyàwó láàárín àwọn Ọ̀yọ́, ibẹ̀ ni a sì ti ń gbọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ oríkì ìdílé. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá yìí ní ọ̀sán Sátidé. Wọn a máa sun ún, èmi a sì máa kọ ọ́ sílẹ̀, títí tí ìwé mẹ́rin fi kún. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni mo lò nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi. Mo ní bí ọwọ́ mi bá dilẹ̀, n óò tẹ ìyókù jáde. Mo kó ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú páálí, mo fi okùn dì í, mo sì tì í sí abẹ́ ibùsùn.

Ìyá náà papò dà ní ọdún 2018. Fóònù tí mo fi gba díẹ̀ nínú ohùn wọn ti bàjẹ́ ṣáájú ìgbà náà. Ní ọdún 2021, ọmọ wọn obìnrin wá sí ilé mi. Ó ní ọmọ òun ń lọ sí ilé ọkọ, òun sì fẹ́ kí n ka ohun tí ìyá òun sọ nípa ìdílé wọn sí òun létí. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ tí mo fa páálí náà. Òkè rẹ̀ tẹ̀ lé mi, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kù sílẹ̀. Ikán ti gba inú ilẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ìwé mẹ́ta ti di amọ̀. Nínú ẹ̀kẹrin, ojú-ìwé 11 péré ni ó ṣeé kà. Obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ọwọ́ mi, ó ní, “Ẹ má dààmú, Tíṣà.” Ì bá sàn fún mi kí ó bú mi.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé n óò kan pẹpẹ ìwé tí ó lórúkọ. Àgbà káfíńtà kan wà ní àdúgbò wa tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Káfíńtà. Mo sọ fún wọn pé pẹpẹ tí yóò gba ògiri kan tán ni mo fẹ́, tí yóò ní ilẹ̀kùn àti àgádágodo láti òkè dé ilẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi arẹ̀rẹ̀ ṣe é, nítorí pé owó ọwọ́ mi kò tó nǹkan. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Tíṣà, ṣé ìwé ni ẹ fẹ́ tọ́jú ni, àbí ikán ni ẹ fẹ́ bọ́?”

Wọ́n wá là mí lóye. Arẹ̀rẹ̀ fúyẹ́, ó sì rọrùn láti fi ìfági fá, ṣùgbọ́n ikán kì í pẹ́ jẹ ẹ́ tán. Ìrókò ni ikán kì í lè rí gbé ṣe. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ara ìrókò ni ó ní agbára yìí. Àárín igi náà, tí ó ní àwọ̀ bí ti oyin, ni ó le. Ẹ̀bá èèpo rẹ̀ tí ó funfun, oúnjẹ ni fún kòkòrò bíi ti igi mìíràn. Ẹni tí kò mọ èyí lè san owó ìrókò kí ó sì gbé oúnjẹ ikán wálé.

A jọ lọ sí ọjà pákó ní Bódìjà. Bàbá ń gbé pákó wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé pákó tí omi ṣì wà nínú rẹ̀ a máa wúwo, bí a bá sì kàn án bẹ́ẹ̀, yóò ká nígbà tí ó bá gbẹ. Owó mi kò ká gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìdajì ni mo rà, mo ra ìyókù lẹ́yìn oṣù márùn-ún. A tò wọ́n sí abẹ́ òrùlé, a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè máa kọjá, ọyẹ́ sì fẹ́ sí wọn. Àìlówó mi di àǹfààní fún pákó náà.

Gíga pẹpẹ náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 7, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6. Bàbá kò gbà kí pákó kan ṣoṣo gùn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Wọ́n fi igi òòró kan dá a sí méjì. Mo ṣírò ọ̀rọ̀ náà nígbà tí mo délé, mo sì rí òótọ́ wọn. Bí a bá sọ gígùn pákó di ìlọ́po 2, tí a kò fi kún ìnípọn rẹ̀, tí a sì to ìwé kún un bákan náà, títẹ̀ rẹ̀ yóò di ìlọ́po 16. Wọn kò fi ìṣó nìkan so igi mọ́ igi. Wọ́n gbẹ́ ihò sára ọ̀kan, wọ́n gé ẹnu èkejì kí ó lè wọ inú rẹ̀ ṣinṣin. Wọ́n gbé e sórí ẹsẹ̀ kúkúrú kí ó má baà fara kan ilẹ̀, wọ́n sì fi àlàfo ínǹṣì 2 sí àárín òun àti ògiri, kí a lè tètè rí ikán bí ó bá ń fi amọ̀ la ọ̀nà bọ̀.

Nígbà tí ó kan ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ wa kò bára mu mọ́.

“Tíṣà, ta ni ẹ fẹ́ tì í mọ́?”

“Olè ni, Bàbá, àti àwọn ọmọ iléèwé.”

“Ṣé olè ni ó jẹ àwọn ti àkọ́kọ́?”

Mo dákẹ́. Wọ́n ní, “Ibi tí ọwọ́ kì í dé ni ikán ti ń rí ààyè. Bí ẹ bá ń fa páálí yẹn yọ lóṣooṣù, ẹ̀ bá ti rí wọn kí wọ́n tó wọ inú ìwé.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú mi rántí Henry Carr, àgbà onímọ̀ ẹ̀kọ́ tí a bí ní Èkó ní ọdún 1863. Àwọn ìwé tí ó kó jọ sí ilé ara rẹ̀ tó nǹkan bí 18,000. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní ọdún 1945, ìjọba ra àwọn ìwé náà, wọ́n sì di ìpìlẹ̀ ilé-ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1948. Ìwé tí ẹnì kan kó jọ sílé di ìwé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà. Èmi tí ìwé mi kò tó 300, mo ń wá àgádágodo.

Nítorí náà, ìsàlẹ̀ nìkan ni a fi ilẹ̀kùn sí, níbi tí mo ń kó ṣọ́ọ̀kì àti ìwé ìdánwò sí. Òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Mo to àwọn ìwé tí a tẹ̀ ṣáájú àkọtọ́ ọdún 1974 sí apá kan, mo to àwọn tí a tẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ sí apá kejì, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ojú ara rẹ̀ rí bí “aiye” ṣe di “ayé”, tí “enia” sì di “ènìyàn”. Wọ́n ń yá ìwé, wọ́n ń dá a padà. Méjì ti sọnù láti ọdún 2022. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ikán kò tíì jẹ ọ̀kan.

Ní ti ojú-ìwé 11 tí ó ṣẹ́kù, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ni ó dà wọ́n kọ. Ẹ̀dà kan wà lórí pẹpẹ náà, ọ̀kan wà ní iléèwé wa. Mo fi ọwọ́ ara mi gbé ẹ̀kẹta lọ fún ọmọ ìyá náà. Ó bi mí bóyá ibi tí wọ́n ti ki ìdílé bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní páálí bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ibùsùn tàbí lókè àjà. Ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí ẹ óò lówó ìrókò. Ẹ fà á yọ lónìí, kí ẹ dà á kọ, kí ẹ sì fún ẹlòmíràn ní ẹ̀dà kan.